Ìrẹsì Tó Ń Jẹ́ Roqeeb

Ọmọge tó wọ bọ́ọ̀sì 171 ní Camberwell lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ náà gbé koríko inú ìkòkò kan mọ́yà bí ẹni gbé ọmọ ọba. Ó ti fi síkáàfù ara rẹ̀ wé e lọ́rùn nítorí òtútù, ó sì ń fi ìgbọ̀nwọ́ la ọ̀nà láàárín èrò: "Sorry! Mind his head! Sorry o!"

Nínú bọ́ọ̀sì London, ààyè kan ṣoṣo ló wà fún kẹ̀kẹ́ ọmọ. Wọ́n tilẹ̀ ya àwòrán rẹ̀ sára ògiri ibẹ̀, kí aláìgbọ́n má baà ṣì í. Kánsọ́lá, orúkọ ọmọge náà nìyẹn, dorí kọ ibẹ̀ tààrà. Ta ló bá níbẹ̀? Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, ó gbé máṣíìnì ìránṣọ sínú tírólì, ó dúró tì í bí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ báńkì. Ó ń sọ nínú fóònù pé, "Mummy, mo ti jẹun. Wàláhì, mo ti jẹun." Bẹ́ẹ̀ ni Kánsọ́lá ṣe mọ èdè tí òun yóò fi bá a jà.

"Brọ̀dá, ẹ bá mi sún máṣíìnì yín. Ààyè ọmọ nìyẹn."

Ọkùnrin náà pa fóònù. Ó wo ọmọge, ó wo koríko. "Ọmọ dà?"

"Òun nìyí."

"Èyí tí ewúrẹ́ lè fi ṣe breakfast?"

"Ìrẹsì ni. Láti kékeré lẹ ti ń jẹ ẹ́, ẹ ò tíì fojú kan òbí ẹ̀ rí. Ẹ kí i."

Ọ̀rọ̀ náà mú un lójijì. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni ọkùnrin náà, Roqeeb, ti ń jẹ ìrẹsì, ó jẹ ẹ́ ní funfun, ó jẹ ẹ́ ní pupa, kò sì fìgbà kan ronú pé nǹkan náà ní ewé. Ó tẹ̀ ba, ó na imú sí i. Ewé ìrẹsì sì mú bí ayùn. Bọ́ọ̀sì gbọ̀n, ewé ha á nímú.

"Ó bù mí jẹ!"

"Kì í fẹ́ràn aláìmoore."

Awakọ̀ fọhùn láti iwájú, ó ní ta ló ni ọmọ tó wà ní ààyè kẹ̀kẹ́ yẹn, kó dì í mú dáadáa, òun fẹ́ yà o. "Not mine!" ni Roqeeb kígbe. Gbogbo bọ́ọ̀sì wá wo Kánsọ́lá tàánútàánú, bí ìyá tí bàbá ọmọ sá fún.

Ojú ti Roqeeb. Ó sún máṣíìnì rẹ̀. "Ẹ má bínú. Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún."

"Lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá? Nọ́ńbà? Ṣé ẹlẹ́wọ̀n ni? Ẹ sọ ọmọ lórúkọ, jàre." Nígbà tó fẹ́ sọ̀ ní Rye Lane, ó fi káàdì kan há àárín ewé náà. "Bí ṣòkòtò ẹ̀ bá gùn jù, ẹ mú un wá."

Ohun tó wà lórí káàdì náà ni: Roqeeb, télọ̀. A ń gé e, a ń rán an, a ń tún un ṣe.

Nígbà tó délé bàbá rẹ̀ ní Catford, Kánsọ́lá gbé ìkòkò náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú pálọ̀ gbóná. Ẹ̀rọ tiwọn ní yunifásítì ló bàjẹ́, Kánsọ́lá kò sì fẹ́ kí nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún kú sínú òtútù ilé gíláàsì. Iṣẹ́ ìwádìí ló ń ṣe lórí irú ìrẹsì tó máa ń yọ òdòdó tí kì í so, àyẹ̀wò ewé sì ti fi hàn pé mẹ́tàdínlógún wà lára wọn. Ó rántí ọ̀rọ̀ télọ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín, ó mú bírò, ó kọ ọ́ sára páálí kékeré tó wà nínú ìkòkò: ROQEEB. Ó GA, Ó LẸ́WÀ, KÒ LÈ BÍMỌ.

Ẹ̀fẹ̀ ni. Ọlọ́run mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni.

Ohun tí Kánsọ́lá kò mọ̀ rèé: nígbà tí Roqeeb wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, àrùn jẹjẹrẹ mú un. Oògùn lé àrùn náà lọ ráúráú. Ṣùgbọ́n oògùn tó ń lé ọ̀daràn kì í sábà mọ ojú ọmọlúwàbí. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó má lè bímọ mọ́, kó padà wá ṣe àyẹ̀wò. Ọdún mọ́kànlá nìyẹn. Kò padà lọ. "Ó ṣeé ṣe" yẹn ló ń gbé kiri bí máṣíìnì inú tírólì. Ọmọge tó bá ti bi í pé, "Ìgbà wo ni màá rí Mummy?" iṣẹ́ á ṣàdédé pọ̀ fún un, gbogbo sípù Peckham á ya lọ́jọ́ kan náà. Èèyàn kan ṣoṣo ló tún mọ̀: ìyá rẹ̀, Àlhájà Bàrákàt, ẹni tó ti fi Kùránì búra pé inú òun ni ọ̀rọ̀ náà yóò kú sí.

Ẹ fi ìbúra yẹn sọ́kàn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Kánsọ́lá wọ ṣọ́ọ̀bù Roqeeb, ihò kan tó fẹ̀ bí àpótí ìṣáná nínú ọjà abẹ́ òrùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rye Lane.

"Ìyá oníìrẹsì! Ọmọ ń kọ́?"

"Ó ń kí yín. Ẹ bá mi rán àpò kéékèèké, ogójì. Kó fúyẹ́, kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́."

"Ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́?"

"Orí ìrẹsì. Tí wọ́n bá ti fẹ́ yọ òdòdó la máa ń fi àpò bò wọ́n, kí lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ tó wà ládùúgbò má baà fẹ́ bà wọ́n."

Roqeeb gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Ṣé mo gbọ́ yín yé? Hìjáàbù ni ẹ fẹ́ kí n rán fún ìrẹsì?"

"Ẹ ṣáà máa pè é bẹ́ẹ̀."

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ni mo ti ń dúró de irú iṣẹ́ yìí."

Kánsọ́lá jókòó sórí àga tí wọ́n kó ṣòkòtò lé, ó ń wò ó bó ṣe ń gé, tó ń rán. Ó ní èyí tí òun gbé wọ bọ́ọ̀sì kò ní í so láéláé. Roqeeb bi í pé kí ló dé.

"Ẹ wo iṣẹ́ yín," Kánsọ́lá ní. "Kí ìrẹsì tó lè ṣe lẹ́búlẹ́bú tiẹ̀, ó gbọ́dọ̀ pa ogún bàbá pọ̀ mọ́ ogún ìyá. DNA ni aṣọ náà. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló máa fi gé e. Á mú díẹ̀ níbí, á mú díẹ̀ lọ́hùn-ún, á wá rán an pọ̀ di tuntun."

"Ó mọ̀ọ́mọ̀ gé e?"

"Ó mọ̀ọ́mọ̀. Àwọn jíìnì kan wà, iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n rán ojú ibi tó gé lọ. Télọ̀ ni wọ́n. Tí télọ̀ ò bá wá síbi iṣẹ́, aṣọ á wà ní gígé bẹ́ẹ̀, lẹ́búlẹ́bú á kú. Ìrẹsì á ga, á tutù yọ̀yọ̀, á yọ òdòdó, kò ní í so."

Máṣíìnì dákẹ́. Roqeeb tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ló ń sọ̀rọ̀.

"Èyí tí kò so yẹn," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "ṣé ẹ máa ń jù ú nù ni?"

"Jù ú nù kẹ̀! Ọ̀gá ilé ni. Àwọn tó ń mú oríṣi ìrẹsì méjì ṣe tọkọtaya, kí wọ́n lè bí èyí tó lágbára ju méjèèjì lọ, irú ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń wá kiri. Mi ò lè fi tèmi fún ẹnikẹ́ni."

Kò mọ ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n Roqeeb gbọ́ ọ, ó sì tẹ máṣíìnì kíákíá kí ariwo rẹ̀ lè bo ohun tó ń ṣe ojú rẹ̀.

"Èló ni gbogbo ẹ̀?" Kánsọ́lá bi í.

"Ẹ má san nǹkan kan. Ẹ ṣáà máa wá gbà á fúnra yín."

"Ìgbà wo ni ogójì máa pé?"

"Iṣẹ́ ọwọ́ kì í yá. Méjì-méjì lọ́sẹ̀."

Télọ̀ tó lè rán ogójì láàárín àárọ̀ kan! Bẹ́ẹ̀ ni ogójì àpò ṣe di ogún ọ̀sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, "ẹ" ti di "o". Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, Roqeeb ti di "Télọ̀ mi", Kánsọ́lá náà ti di "Adúmáadán". Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹwàá, Roqeeb ti gé ṣòkòtò Díákónì Kóyọ̀dé, bàbá Kánsọ́lá, láìgba kọ́bọ̀. Díákónì yìí ti pa orúkọ mọ́ fún ọmọ-ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì lóyún ẹ̀: Malachi, ì báà jẹ́ obìnrin.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Roqeeb la ẹnu láti sọ òótọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló sọ̀rọ̀ sípù.

Lọ́dọọdún, yunifásítì náà a máa ṣílẹ̀kùn ilé gíláàsì fún ará ìlú. Ó bọ́ sí Sátidé ọ̀sẹ̀ kọkàndínlógún. Kánsọ́lá ní kí Roqeeb mú Mummy wá ní aago mọ́kànlá gééré, torí ìrẹsì kì í ṣí òdòdó ju bíi wákàtí kan lọ lójúmọ́, nítòsí ọ̀sán, ó sì ti padé.

Àlhájà Bàrákàt dé pẹ̀lú báàgì dúdú kan tó lè gba ọmọ ọdún méjì. Gbogbo nǹkan ló kọ́kọ́ dùn mọ́ ọn. Bí Kánsọ́lá ṣe kúnlẹ̀ sórí kọnkéré tó lómi dùn mọ́ ọn. Ooru ibẹ̀ dùn mọ́ ọn. "Ó dà bí Ìjẹ̀bú," ó ní, ó bọ́ kóòtù fún Roqeeb. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ tí Kánsọ́lá kọ fún ìrẹsì kọ̀ọ̀kan sára páálí inú ìkòkò sókè bó ti ń lọ.

"Adémidé. Ó ń gbìyànjú." Ó rẹ́rìn-ín. "Adéolú. Akọ gidi." Ó tún rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí mà dáa o. Roqeeb. Ó ga. Ó lẹ́wà..."

Ẹ̀rín kú sí i lẹ́nu.

Kánsọ́lá, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ dúró de ìgbà tí wọn yóò jọ rín ẹ̀rín yìí, ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọ tó gbé ẹ̀bùn sẹ́yìn.

"Roqeeb! O sọ fún un?"

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò sọ nǹkan kan!"

"O ò sọ fún un, ó wá kọ ọ́ sínú ìkòkò? Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí mì! Ìyá tó bí mi, mi ò sọ fún un! Dókítà ní ó ṣeé ṣe kí ọmọ mi má lè bímọ, kò ní ó dájú! Ìwọ Kánsọ́lá wá kọ 'kò lè'! Ìwọ ni dókítà?"

Báàgì fò. Afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ bá. Lẹ́ẹ̀kejì, ó bá Adéolú lórí. Adéolú wó lu Roqeeb, ìyẹn ìrẹsì. Àpò orí wọn ya. Eruku òdòdó dà jáde, ó bò wọ́n bí àtíkè. Aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Àwọn òyìnbó tó wá wòran rò pé ó wà lára ètò. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá àgbà kan bi ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé aago mélòó ni wọ́n máa tún un ṣe.

"Mummy," Kánsọ́lá ní, "kí ni dókítà sọ?"

Àlhájà fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde tán. Nígbà tí wọ́n bojú wẹ̀yìn, kóòtù ló wà nílẹ̀. Roqeeb, ìyẹn èèyàn, ti lọ.

Odidi ọ̀sẹ̀ kan, kò gbé fóònù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Kánsọ́lá lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Iná máṣíìnì wà ní títàn, tíì ṣì ń rú, kò sí ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n lábẹ́ kọ́tìnì tí àwọn oníbàárà ti ń wọ aṣọ wò, bàtà méjì yọ síta, wọ́n gùn bí ọkọ̀ ojú omi.

Kánsọ́lá jókòó sórí àga ṣòkòtò. "Bàtà," ó ní, "ẹ kú ọ̀sán."

Bàtà ò dáhùn.

"Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó wọ̀ yín pé mi ò mọ nǹkan kan. Òun ló ní kí n sọ ọmọ lórúkọ, mo sì sọ ọ́ ní orúkọ ẹni tó pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ẹ bá mi bi í, ìgbà wo ló fẹ́ sọ fún mi?"

Bàtà kan gun èkejì. "Ìgbà tí àpò bá pé ogójì," ni kọ́tìnì wí.

"Mélòó ló kù?"

"Méjì."

Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ tún jáde, ó rọ. "Kánsọ́lá, o fi síkáàfù ọrùn ẹ wé koríko torí òtútù. Irú ẹ gbọ́dọ̀ bímọ. Ó gbọ́dọ̀ bí wọn jàn-ánràn-jan-anran. Lọ wá Adéolú tìẹ. Jọ̀ọ́."

"Jáde síta kí o sọ ọ́ lójú mi."

Bàtà yí padà, wọ́n kọjú sí ògiri.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Kánsọ́lá ro gbogbo ẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Díákónì wo bọ́ọ̀lù parí kó tó sọ̀rọ̀. "Ọmọkùnrin yẹn, ṣé òun ló gé ṣòkòtò tí mo wọ̀ yìí?"

"Òun ni, Daddy."

Díákónì gbé ẹsẹ̀ sókè, ó yẹ etí ṣòkòtò wò yí ká. "Ó gé e gún." Ó gbé ẹsẹ̀ sọ̀. "Malachi yẹn, orúkọ ni, kì í ṣe mílíìkì. Kò ní í bàjẹ́ tẹ́nikẹ́ni ò bá tètè lò ó."

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Kánsọ́lá lọ kó àwọn ìkòkò tó ti gbó kúrò. Ó fi ìka pa orí ìrẹsì Roqeeb bó ti máa ń ṣe, ó mọ̀ pé òfìfo ló máa bá. Nǹkan kan le lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ọmọ ìrẹsì ni. Méje!

Ó jókòó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Adéolú tó wó. Àpò tó ya. Aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, tí òdòdó là sílẹ̀ gbayawu. Ó dìde, ó gbé ìkòkò, ó fi han ọ̀gá rẹ̀, ó di ẹnu ọ̀nà Àlhájà ní New Cross.

Àlhájà la ilẹ̀kùn díẹ̀, kò tú ṣéènì. Ojú rẹ̀ ti jì. "Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé, 'mo ti jẹun' nìkan ni ọmọ mi ń bá mi sọ. Kí lo tún wá ṣe?"

"Ẹ káàárọ̀, Mummy. Ẹ wá wo ohun tí ẹ ṣe."

"Mo mọ ohun tí mo ṣe. Má rán mi létí."

"Ẹ ṣáà wò ó."

Àlhájà fi awò sójú. "Ọmọ rèé lórí ẹ̀. Roqeeb yìí kọ́ lo ní kò lè...?"

"Òun ni."

"Ta ló wá fún un lóyún?"

"Adéolú. Ẹ̀yin lẹ so yìgì wọn, báàgì lẹ sì fi ṣe é. Lẹ́búlẹ́bú akọ ló bàjẹ́ lára ẹ̀, a ò wá mọ̀ bóyá abo ẹ̀ náà bàjẹ́. Oṣù méjì ni mo ti ń gbèrò bí mo ṣe máa dán an wò. Ẹ kan gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ọ̀gá mi ní kí n kí yín."

Àlhájà nà ró. "Ọ̀gá ẹ, ṣé prófẹ́sọ̀ ni?"

"Prófẹ́sọ̀ ni, Mummy."

"Hẹ̀n." Ó tú ṣéènì. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò sinmi ní New Cross: "ìwádìí wa" ló ń pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tó jókòó, ojú rẹ̀ tún yí padà. "Kánsọ́lá, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé ọmọ mi máa bímọ?"

"Rárá, Mummy. Mi ò mọ̀. Roqeeb kì í ṣe ìrẹsì. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kí n tó rí méje yìí rárá ni mo ti fẹ́ ẹ."

Àlhájà gbé báàgì, ó gbé ìkòkò. "Dìde ká lọ. Tó bá gbúròó ẹsẹ̀ wa, á tún wọ kọ́tìnì."

Ó ti wọ̀ ọ́ kí wọ́n tó dé ṣọ́ọ̀bù. Àlhájà ò kí bàtà. Ó fa kọ́tìnì ya bíi pé oníbàárà kò sí láyé mọ́. Roqeeb dúró gbagidi, ó mú àpò funfun méjì dání.

"Mo ti mọ̀ pé wàá wá," ó sọ fún Kánsọ́lá. "Àná ni mo rán an tán. Ó ti pé ogójì." Ó mí kanlẹ̀. Ó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, láti orí àrùn dé orí oògùn, dé orí ọdún mọ́kànlá, kò sì mẹ́nu kan sípù. "Mo ti pe ilé ìwòsàn. Mo fẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò náà. Tí èsì bá jáde, kí o tó..."

"Lọ ṣe é torí ara ẹ," Kánsọ́lá ní. "Èmi ò ní í dúró de èsì kí n tó mọ ẹni tí mo fẹ́. Bó bá ṣeé ṣe, Malachi. Bí kò bá ṣeé ṣe, àwọn ọmọ kan wà nílùú yìí tó ń wá ẹni tó máa sún máṣíìnì fún wọn. Télọ̀ mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Àsìtàgfírúlàhì!" Àlhájà gbá àyà. "Ìwọ obìnrin lò ń béèrè? Roqeeb, kí lò ń wò? Dá a lóhùn kó tó yí ọkàn padà!"

"Adúmáadán, mo..."

"Ó gbà!" ni Àlhájà wí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ 171 lọ kí Díákónì ní Catford. Roqeeb ló gbé ìkòkò. Ó ti fi síkáàfù ara rẹ̀ wé e lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ oṣù kẹjọ ni, oòrùn ń ràn. Ní ààyè kẹ̀kẹ́ ọmọ, ó tẹ̀ ba láti tún síkáàfù náà so, ewé ha á nímú. Kò ráhùn.

Awakọ̀ fọhùn láti iwájú: ta ló ni ọmọ tó wà níbẹ̀ yẹn?

"Mine!" ni Roqeeb kígbe.

"Tiwa ni!" ni Kánsọ́lá wí.

"Èmi ni mo gbẹ̀bí ẹ̀!" ni Àlhájà fi kún un, ó na báàgì sókè kí gbogbo bọ́ọ̀sì lè rí irinṣẹ́.

Ìyá arúgbó kan tó jókòó nítòsí wo koríko náà, ó wo Roqeeb láti òkè délẹ̀, ó mi orí. Ó ní ó jọ bàbá ẹ̀.